Àsmá'ù Bi Àgbà Léèrè

Ẹni tó bá rò pé ògiri nìkan ni olè ń fò wọlé láyé òde òní, ẹ bá mi kí i. Àsmá'ù náà rò bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ Ajé kan ní ilé-iṣẹ́ tó ń ta òròmọdìyẹ ní Erunmu, níbi tó ti ń ṣe akọ̀wé. Í-méèlì kan wọlé lórúkọ Alàgbà Ẹkúndayọ̀, ọ̀gá wọn, pé kó fi páàsíwọọ̀dù rẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá. Ojú ẹsẹ̀ ló fi ránṣẹ́.

Ìdẹ ni. Wándé, olùkọ́ tí wọ́n gbà láti kọ́ wọn bí a ṣe ń dá ayédèrú í-méèlì mọ̀, ló dẹ ẹ́ sílẹ̀. Nínú òṣìṣẹ́ mọ́kànlá, Àsmá'ù nìkan ló kó sí i. Ojú tì í bíi kí ilẹ̀ lanu.

Wándé kò bú u. Ó kàn bi í pé kí ló rò kó tó fi í ránṣẹ́.

"Àgbà ni wọ́n," ni Àsmá'ù dáhùn. "Nílé tiwa, bí àgbà bá ránni níṣẹ́, a kì í bi wọ́n pé ṣé ẹ̀yin ni."

Ibẹ̀ ni Alàgbà ti dìde. "Láti òní lọ, ìwé tó bá wá lórúkọ mi, ẹ bi mí kẹ́ ẹ tó dáhùn. N ò ní bínú."

Gbogbo òṣìṣẹ́ ní ẹ ṣeun, sà. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Àgbà wo ló fẹ́ kí ọmọdé máa bi òun bóyá òun ni òun?

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Alàgbà lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè àdúrà ìjọ Kérúbù lọ́nà Akanran, bí ìṣe wọn lóṣooṣù. Gbogbo Erunmu mọ̀ pé wọn kì í tan fóònù níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni í-méèlì kan dé lórúkọ wọn: "Àsmá'ù, orí òkè ni mo wà, má pè mí. Fi páàsíwọọ̀dù ìwé orúkọ àwọn oníbàárà ránṣẹ́."

"Fi ránṣẹ́ jàre," ni Láyí tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wí. "Ṣé o fẹ́ da àdúrà àgbà rú ni? Iṣẹ́ ẹ lo fi ń ṣeré yẹn o."

Àsmá'ù mọ̀ pé Láyí kò parọ́. Bó bá jẹ́ Alàgbà ló kọ ọ́ lóòótọ́, ó lè dẹni tí kò níṣẹ́ mọ́. Síbẹ̀ ó gun ọ̀kadà. Nísàlẹ̀ òkè, ó bọ́ bàtà bíi tàwọn tó kù, ó fi híjáàbù rẹ̀ la àárín àwọn aláṣọ funfun kọjá, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Alàgbà.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí?"

Alàgbà lajú. Wọ́n wo fóònù tó nà sí wọn, wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kún fún eruku.

"Èmi kọ́," ni wọ́n wí. "O ṣe é, ọmọ mi. Èmi tí mo sọ ọ́ gan-an ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa lè ṣe é."

Nígbà tí wọ́n gba òṣìṣẹ́ tuntun, Àsmá'ù ni Alàgbà ní kó kọ́ wọn bí a ṣe ń dá ayédèrú í-méèlì mọ̀. Orí rẹ̀ wú. Ó lè bẹ̀rẹ̀ látorí òkè, níbi tí ìtàn náà ti dùn, Láyí pàápàá ń retí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó wo gbogbo wọn.

"Àwa mọ́kànlá la wà níbí lọ́jọ́ náà," ló wí. "Èmi nìkan ni mo kó sí i."