Hóró Kan ní Ìgbà Ìṣínu

Nígbà tí Kùdírátù tún rí ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá ààwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó jókòó sórí àpótí nínú ilé ìwẹ̀, ó di aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ kán sí mú, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n mú ìwé ilé ẹjọ́ wá bá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò pọ̀, ká má purọ́, ó kàn ń kán tótó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ejò sì ti bu Kùdírátù jẹ. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tó bí àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn. Àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí i lára kó tó mọ ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Dókítà bá Àdìsá ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ń ná Ìlá sí Òṣogbo, sọ̀rọ̀ lójú kòrókòró: bí obìnrin yìí bá tún lóyún, kí wọ́n má sọ pé òun ò wí o. Láti ìgbà náà ni Kùdírátù ti ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, hóró kan lóòjọ́, láìsí wàhálà. Àfi oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀ yìí, tí nọ́ọ̀sì wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru sí, tó mi orí, tó ní oògùn àtijọ́ kò bá a lára mu mọ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn. Èrò pọ̀ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, Kùdírátù ń mi orí, "Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé mà." Ìwé mẹ́fà péré ló kà. Ìwé tó wà nínú páálí oògùn náà, bí èèrà tó ń tò lọ ló rí lójú rẹ̀.

Wàyí o, ọmú ń ro ó, orí ń fọ́ ọ, inú ń bí i sí gbogbo èèyàn, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán. Bó bá ti rí i, á já ààwẹ̀, á ká ẹní ìkírun nílẹ̀. Bó bá dá, á wẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ojú kan sì ń ṣọ́ ọ. Jàmíátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé agboolé, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, yọ sí i ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó bá a tó ń mu ògì lẹ́yìn ẹ̀rọ.

"Ìyàwó! O tún ti jẹun?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan... nǹkan obìnrin ni, mà."

"Nǹkan obìnrin ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan? Ta lò ń tàn? Ṣebí àná lo ní òórùn ẹja ń rí ọ lára?" Jàmíátù fa àpótí, ó jókòó. "Ọmọ méje ni mo bí, mo mọ bí oyún ṣe ń yọ́ wọlé. Fáòsíátù ọmọ rẹ wà nílé ọkọ ní Ọ̀rà, ó ń retí àtibí lẹ́yìn ọdún Ìtùnú. Ṣé ìyá àti ọmọ ló fẹ́ jọ máa pọ̀n lọ sọ́jà ni? Ta ni yóò wá wẹ ọmọ fún ta?"

Ó rẹ́rìn-ín kèé. Kùdírátù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù ni pé oògùn náà ń ba ilé ọmọ òun jẹ́. Kò rò ó rí pé oògùn náà lè má ṣiṣẹ́ rárá.

Bí Jàmíátù ṣe jáde, ó yọ páálí náà lábẹ́ àpò owú. Ọkàn kan ní kó jù ú sí ṣáláńgá. Bó bá jù ú, bóyá ẹ̀jẹ̀ á dá. Bó bá jù ú, tí oyún wá dé ńkọ́? Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Ó tì í bọ àpamọ́wọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó pe ọlọ́kadà.

Ní ilé ìwòsàn, ó jẹ́ kí obìnrin mẹ́ta kọjá òun, nítorí pé ó ń wojú Nọ́ọ̀sì Tẹ́júọlá, ẹni tó pààrọ̀ oògùn náà fún un, bóyá inú rẹ̀ dùn lónìí. Nígbà tí kò sẹ́nì kankan mọ́, ó wọlé.

"Ìyá Fáòsíátù, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà." Ó pa ilẹ̀kùn dé. "Ó wà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mò ń bú oògùn yín o. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ń wá, ó ń lọ. Ẹnì kan wá ní... ó ní bóyá mo ti lóyún."

Nọ́ọ̀sì kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní kó lọ tọ̀ sínú ike kékeré kan, ó sì ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ìtọ̀ náà. "Ìlà kan, kò sí oyún. Méjì, ó wà." Ìlà kan yọ. Kùdírátù tẹjú mọ́ ọn, ó ń ṣọ́ ìkejì bí ẹni ń ṣọ́ olè.

"Ẹ mí, Ìyá Fáòsíátù! Bébà là ń yẹ̀ wò, kì í ṣe èémí yín."

Ìkejì kò yọ. Omi bọ́ lójú Kùdírátù.

"Aago mélòó lẹ máa ń lò ó?" ni nọ́ọ̀sì wá bi í.

"Kí ààwẹ̀ tó dé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni. Ààwẹ̀ dé, mo gbé e sí sààrì."

"Lójoojúmọ́?"

"Bí... bí mo bá jí bá sààrì. Bí oorun bá gbé mi lọ, ó di ìgbà ìṣínu. Ọjọ́ tí mo bá sì rí ẹ̀jẹ̀ tí n ò gbààwẹ̀, mo máa ń dá a padà sí ọ̀sán, níbi tó wà tẹ́lẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde. "Háà! Ẹ ń lé hóró yìí kiri! Kò mọ ibi tó ń gbé!" Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ rọ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Onígbàgbọ́ ni mí, ààwẹ̀ ò sí lọ́kàn mi lọ́jọ́ yẹn. Ti àtijọ́ máa ń fara dà á bẹ́ ẹ bá pẹ́ díẹ̀. Eléyìí kì í fara dà á. Bó bá pẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ, agbára rẹ̀ á dín kù, ẹ̀jẹ̀ á máa yọjú. Kódà bẹ́ ẹ bá lò ó dáadáa, ẹ̀jẹ̀ lè máa kán, ọmú lè máa ro yín, fún bí oṣù mẹ́ta, kí ara tó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó bá ya púpọ̀, tàbí tí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn yín gan-an, ẹ sáré wá. Kẹ́ ẹ sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ká tún ìtọ̀ yín yẹ̀ wò." Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó ti wálẹ̀. "Ó yá, ẹ mú aago tí ẹ ò lè gbàgbé."

Kùdírátù rò ó. "Ìgbà ìṣínu. Mo lè gbàgbé orúkọ ara mi, n ò lè gbàgbé ìṣínu."

"Ó parí. Bí ààwẹ̀ bá lọ, kó má yẹ̀ níbẹ̀ o." Nọ́ọ̀sì na rọ́bà ìdáàbòbò díẹ̀ sí i. "Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà, ẹ fún bàbá."

Kùdírátù ti rọ́bà náà bọ àyà, ó sì bojú wẹ̀yìn kó tó jáde.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo agboolé jókòó yí abọ́ èso dàbínù ká. Bó bá wà nílé, iyàrá ni Kùdírátù ti máa ń yọ́ oògùn rẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n bó bá lọ sí iyàrá tó bá ọmọ tó ń sunkún pàdé lọ́nà, aago á yẹ̀. Bí ládàánì ṣe figbe ta láti mọ́sálásí, ó yọ páálí náà lójú gbogbo wọn.

"Kí nìyẹn?" ni Jàmíátù bi í.

Àdìsá gbé dàbínù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kùdírátù fi páálí náà han ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. "Oògùn tí kò ní jẹ́ kí n lóyún ni, Ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀ yẹn. Wọ́n yẹ̀ mí wò lónìí, kò sí oyún. N ò fẹ́ kú ni."

Jàmíátù gba páálí náà, ó yí i wò.

"Ẹ̀jẹ̀ oògùn lo torí ẹ̀ ká ẹní ìkírun?" ló wá pariwo. "Ọ̀dẹ̀! Ṣé o kì í gbọ́ wáàsí lásáláátù ni? Ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ti wá lọ́jọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni. Fọ ara rẹ, di aṣọ, ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Gba ààwẹ̀ rẹ!" Ó ti ife omi sí i níwájú. "Ó yá, bísímíláì. Gbé e mì."

Ó gbé e mì.

Ẹ̀jẹ̀ kò dá lọ́jọ́ kejì, kò dá lọ́jọ́ kẹta. Nígbàkúùgbà tó bá rí i, àyà rẹ̀ ṣì ń já. Á fọ aṣọ náà, á ṣe àlùwàlá, á tẹ́ ẹní. Bó bá wá di ìrọ̀lẹ́, kí ládàánì tó la ẹnu, igbe Jàmíátù ni yóò kọ́kọ́ ta láti òdìkejì agboolé:

"Ìyàwó! Hóró dà?"

Ojú á ti Kùdírátù títí dé eékún. Á sì dáhùn pé, "Ó wà lọ́wọ́ mi, mà."