Ààmù Tí Kì Í Ṣe Títà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Ìtàn tí mo gbé wá kò gùn, àmọ́ ó lè mú yín dìde lọ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín.

Lùkúmọ̀n ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Ìdúmàgbò. Ààmù ló ń tà jù, irin tó di táyà iwájú mú kó lè dúró ṣánṣán. Ọ̀kan wà tó fi kọ́ ìṣó níta kí èèyàn lè mọ ohun tó ń tà. Oríkèé rẹ̀ ti jẹ tán, ṣùgbọ́n Lùkúmọ̀n fi gírísì líle dí i, ó kùn ún dúdú, ó ń dán bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín. Bí oníbàárà bá yọjú, inú ṣọ́ọ̀bù ló ti ń mú èyí tó dára wá.

Lọ́jọ́ kan ó lọ kírun Àsárì. Bí ọlọ́jà bá sì wà ní mọ́ṣáláṣí, aládùúgbò ní í bá a tà. Nígbà tó dé, ìṣó nìkan ló bá.

"Mo ti bá ẹ tà á o," ni Jíbrílù tó ń ta iná ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wí. "Obìnrin kan tó ní mọ́tò pupa kékeré. Kò tiẹ̀ ná an."

"Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ tà?" ni Lùkúmọ̀n bi í.

"Èyí tó ń dán ni. Mẹkáníìkì ń dúró dè é lẹ́yìn kóòtù Igbosere. Ó ní òun fẹ́ gba orí afárá lọ gbé ìyá òun n'Íjẹ̀bú."

A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Lùkúmọ̀n bọ́ bàtà, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bó ti ń sáré ló ń rí i: oríkèé yọ, táyà ṣẹ́ sábẹ́ ọkọ̀, ọ̀sà ń dúró nísàlẹ̀. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Àmọ́ eérú yìí ti fò ré e kọjá, ó ń lọ bá ìyá arúgbó kan n'Íjẹ̀bú.

Mẹkáníìkì ti de ààmù náà mọ́ ọkọ̀ tán, mọ́tò pupa ti ń jáde sójú títì nígbà tó débẹ̀. Ó bẹ́ síwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Obìnrin inú rẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa, ó ń tẹ fèrè. Kíá ni èrò pé lé Lùkúmọ̀n lórí. Ọkùnrin kan di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Òmíràn ti gbé pákó.

"Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn?" ni ẹni tó di í mú bi í.

Èémí kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dáadáa. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mi táyà ọwọ́ òsì yẹn wò kí ẹ tó nà mí."

"Ẹ wá wo dókítà táyà," lẹnìkan wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Kọ́lá mẹkáníìkì fi ìbínú gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀. Ó mi táyà. Kò dún. Ẹni tó gbé pákó sún mọ́ tòsí. Kọ́lá tún fi gbogbo agbára mì ín: kọ̀, kọ̀, kọ̀.

Nusrat, obìnrin náà, sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin tó di Lùkúmọ̀n lẹ́wù mú fi í sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbọn eruku ara ẹ̀wù náà nù. "Ọlọ́run ló rán ẹ, bọ̀dá. Máa lọ."

"Ta ló ta eléyìí fún yín, àǹtí?" ni Kọ́lá bi í.

"Bàbá kan ní Ìdúmàgbò."

Lùkúmọ̀n wo ojú ọ̀nà tó là sílẹ̀ fún un. Ó wo pákó.

"Tèmi ni," ló wí. "Èmi ni mo kùn ún."

Ohun tí ojú Lùkúmọ̀n rí lẹ́yìn ìyẹn, Nusrat kò sọ fún Afusat àbúrò rẹ̀, Afusat náà kò sì rí i sọ fún mi. Ibi tí Afusat bá ìtàn náà dé nìyẹn.