Gọ́ọ̀mù Kì í Ṣe Gásíkẹ́ẹ̀tì

"Mo bá dúró, ó kú! Mo bá rọra yà fún ẹlòmíràn, ó kú! Aboyún ń rọbí lẹ́yìn ọkọ̀, èmi ń bẹ irin!"

Agbẹ̀bí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà mẹkáníìkì, tó ń gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí olè bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sínú rẹ̀. Bó bá ń sáré, kò sí wàhálà. Àfi kí èèyàn gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná tó ń mú ọkọ̀ sáré, kí ó ku kí ẹ́ńjìnnì máa mí jẹ́jẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní sìlóò, ni yóò bá wúkọ́, yóò sì dákẹ́.

"Ẹ fọwọ́ wọ́nú, ìyá wa," ni mẹkáníìkì wí. "Ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan. Wáyà ni."

Ó sọ ọ́ tán, ọkàn rẹ̀ gbá a létí.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ni oníwáyà ọgbà náà. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í já ẹ̀gbọ́n nírọ́ lójú àlejò. Àbúrò náà tẹríba.

"Ẹ má bínú, mà. Màá tún un wò."

"Ṣé wáyà lò ń ṣe ni àbí irun? Ò ń dì í, ò ń tú u! O wá gbé tẹ́sítà kọ́rùn bíi dókítà! Ọ̀gá, ẹ lé eléyìí kúrò níbí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ilé ìgbẹ̀bí ni mo máa sọ fún."

Mẹkáníìkì ò lè wo ojú àbúrò rẹ̀. Ọjọ́ tó ń gbé ẹ́ńjìnnì náà wọlé ni gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú ìpàdé irin níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí afẹ́fẹ́ àpọ̀jù má baà yọ́ wọ ẹ́ńjìnnì, ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti fọ́nnu pé ilẹ̀ ò ní í ṣú bá òun lẹ́nu iṣẹ́ náà, ló bá fa gọ́ọ̀mù yọ, ó fi lẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń yí ìdè tí wọ́n fi ń tún sìlóò ṣe síwá sẹ́yìn. Ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹnu kọ́ là á nù fún un.

"Ẹ jókòó síbi ìbòòji, mà," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi wò ó."

Ó ṣáná sí ọkọ̀. Ó fi àkísà tútù dí ojú ibi tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀: ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ó ń kùn bí oyin. Ó gbé àkísà kúrò: ó kú. Ó tú irin ojú ibẹ̀. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ bí èépá. Bó bá ránṣẹ́ lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì báyìí, àṣírí tú.

Àbúrò rẹ̀ rìn wá, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì na gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, tòun ti ọ̀rá rẹ̀.

"Níbo lo ti rí i?" ni ẹ̀gbọ́n bi í wúyẹ́wúyẹ́.

Àbúrò lọ ń kó ẹ̀mú àti wáyà rẹ̀ sínú àpò iṣẹ́.

Mẹkáníìkì dè é, ó ṣáná. Ẹ́ńjìnnì ń mí bí ọmọ tó yó tó sùn. Agbẹ̀bí fò dìde.

"Ẹ ò rí i! Ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́! Ẹ wá jẹ́ kí aláìmọṣẹ́ yẹn máa lọ."

Mẹkáníìkì ń fi àkísà nu ọwọ́. Àbúrò rẹ̀ gbé àpò kọ́ èjìká, ó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi mí níbi tí mo ti rí i. Ọjọ́ tí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ tàkọ́kọ́ ni mo ti rà á. Gbogbo ìgbà tí ẹ ń pè é ní wáyà, àpò mi ló wà. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."