Ààwẹ̀ Boaz

Èmi ni mo máa ń bá Boaz, àfẹ́sọ́nà mi, gbààwẹ̀. Ó ní ọgbẹ́ inú kì í jẹ́ kí òun lè gbà á, nítorí náà, bí wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa bá ti pàṣẹ ààwẹ̀ fún un, èmi ni ebi ń pa. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, mo gbààwẹ̀. Ó lá àlá burúkú, mo gbààwẹ̀. Hameedat, tí a jọ ń ránṣọ ní Àpòmù, ní tó bá ṣe pé Mùsùlùmí ni Boaz, èmi ni ǹ bá máa bá a kírun, kí òun máa sùn.

Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà mí ju àárẹ̀ lọ. Bí Boaz kò bá gbé ìpè mi, àyà mi á já, n óò fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí máṣìnì, n óò gun ọ̀kadà lọ sí Ìkirè, kí n lè rí i pé kò tíì kọ̀ mí. Òun náà kì í lè sùn bí n kò bá kọ́kọ́ gbàdúrà sí i létí lórí fóònù. Ìfẹ́ ni mo ń pe gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Boaz lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní Ìbàdàn, òòyì kọ́ mi nídìí máṣìnì, mo sì ṣubú. Hameedat da omi sí mi lórí, ó po ògì fún mi. Mo kọ̀ ọ́. Bí mo bá já ààwẹ̀, tí iṣẹ́ náà sì bọ́, Boaz á fi mí sílẹ̀.

"Ta ló ń wáṣẹ́ gan-an?" ni Hameedat bi mí, inú ń bí i. "Ṣé ìwọ ni àbí òun?"

Nígbà tí mo gbọ́ pé Boaz ti dé, mo lọ bá a ní Ìkirè. Ó jókòó síwájú ilé, ó ń jẹ ìrẹsì.

"Mo ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù lónìí," ni mo wí.

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Kẹ́mi, ṣé o ti jẹun?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kó bi mí bẹ́ẹ̀. Omi lé ròrò sí mi lójú. "Rárá," ni mo dáhùn.

"Jésù, o ṣé!" Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti rò pé o ti já a ni. Èsì ò tíì jáde o. Jọ̀ọ́, rọ́jú dìrọ̀lẹ́." Ó bá tún gbé ṣíbí rẹ̀.

Mo rọra jáde sí ojú títì. Mo ra dòdò Ìkirè, mo jókòó ti ìyá tó ń tà á, mo ń jẹ, mo ń sunkún. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò ní parọ́. Fóònù mi dún.

"Kẹ́mi, níbo lo wà?"

"Mò ń jẹun," ni mo wí.

Ó pariwo. Mo gbé fóònù náà sórí itan mi bó ṣe ń pariwo lọ, mo sì ní kí ìyá náà tún bá mi mú dòdò sí i.