Nọ́ńbà Tó Yára Ju Ojú Lọ

Ká ní Felix lè pa ẹnu ẹ̀ mọ́ ni, kì bá tí sí ìjọ̀gbọ̀n kankan. Màdáàmù Oyinadé, tó ni ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan l'Oregun, ló ní gbogbo ike ọ̀dà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ìkejì ẹ̀ ò ní sí láyé, kí àwọn tó ń po ayédèrú má bàa rí ọ̀nà gbà. Felix, tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, fi èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Rust kọ ètò tó máa pèsè nọ́ńbà náà. Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ni Wúràọlá, ẹnìkejì ẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, fi kọ tiẹ̀.

"Python kẹ̀? Ìgbín lásán!" Ohun tí Felix ń sọ káàkiri ọ́fíìsì nìyẹn.

Màdáàmù gbọ́. Ó ní kí wọ́n wá sáré ẹ̀ níwájú òun: ẹni tó bá kọ́kọ́ pèsè nọ́ńbà mílíọ̀nù mẹ́wàá ló máa di ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Felix sì ti sọ fún ìyá ẹ̀ l'Ékìtì pé òun ti dọ̀gá. Ẹ gbà mí o!

Wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Kí Felix tó gbọ́wọ́ kúrò, tiẹ̀ ti parí. Ti Wúràọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́ lọ ni, ìlà aláwọ̀ ewé kan tó ń fi ibi tí iṣẹ́ dé hàn ń gùn díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀, Màdáàmù sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

"Felix, tìẹ dà?"

"Ó ti parí, Mà."

"Ó parí níbo? Ṣé mo rí nǹkan kan ni? Ilé lo ti sè é wá! Ṣé èmi lo fẹ́ fi ṣe múgù?"

"Mà, ó yára ni o."

"Irọ́! Wo ti Wúràọlá bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ jẹun, kí ẹ wá tún un sá."

Inú bí Felix, kò lọ jẹun. Ló bá fi ìlà aláwọ̀ ewé kún tiẹ̀ náà, ó sì ní kí ètò náà máa sinmi díẹ̀díẹ̀ kí ojú lè rí i. Ọlọ́gbọ́n!

Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ìlà Felix ń lọ gbẹ̀dẹ̀mukẹ. Màdáàmù pàtẹ́wọ́: "Ẹ̀n-ẹ́n! Iṣẹ́ nìyẹn!" Felix yọ eyín síta. Ìgbà tó máa bojú wo ọ̀dọ̀ Wúràọlá, tìyẹn ti kọjá ìdajì. Yéè! Ìsinmi yẹn ti pọ̀ jù. Ó na ọwọ́ kó dá tiẹ̀ dúró kó lè tún un ṣe, Màdáàmù gbá a lọ́wọ́.

"Fi sílẹ̀ o! Ọgbọ́n wo lo tún fẹ́ dá?"

Wúràọlá parí. Màdáàmù dì mọ́ ọn, ó wá yíjú sí Felix. "Mo wí bẹ́ẹ̀! Ṣé o rí bí tìẹ ṣe máa ń sáré nígbà tí ò sí màgòmágó?"

Kí ni Felix fẹ́ wí? Pé òun lòun mọ̀ọ́mọ̀ fà á sẹ́yìn? Ojú tì í gan-an.

"Ẹ kú oríire, ọ̀gá mi," ló wí fún Wúràọlá, ó sì jókòó ti kọ̀ǹpútà ẹ̀ tó ṣì ń sinmi.