Okùn Ìwọ̀n Ọ̀gá Tààrà

Ọ̀gá Tààrà ni àwọn oníbàárà mi ń pè mí, wọn ò sì parọ́. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń kun ilé, kò sẹ́ni tó rí ìlà tó wọ́ lára ògiri mi. Okùn ìwọ̀n kan wà lápò mi, okùn lásán tí a so irin mọ́ nídìí. Bí mo bá so ó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ohun tó bá ti sọ, abẹ gé e. Mo ti fi dójú ti bíríkìlà rí. Nígbà tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu, àwọn ọmọ ní kí n yéé gun àkàbà. Mo gbé àkàbà ti ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó.

Bí mo ṣe jókòó ni ìyàwó mi dìde. Ó ní láti kékeré ni òun ti fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ènìyàn, ó bá forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan. Ta ni yóò máa yà? Èmi náà ni. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo bọ́ ẹ̀wù, mo fa ikùn wọlé, mo dúró bí ọ̀pá àsíá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé àwòrán mi lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ fi pẹ́ńsùlù pupa fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ní èjìká òsì ga jù, orí tẹ̀ sí ọ̀tún, ènìyàn kì í dúró bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀kẹta bá tún wọ́, ìyàwó mi ò ní bá wọn dé kíláàsì kejì. Mi ò tíì rí i kó sunkún nítorí ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ rí, àfi lọ́jọ́ tó gbé ẹ̀kejì dé.

Ó lọ yá ìwé eegun àti iṣan lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ni àlàáfíà bá kúrò nílé. Bí mo bá ń jẹun, yóò ní kí n rọra gbé e mì, òun fẹ́ wo iṣan ọrùn. Bí mo bá na ọwọ́ sí ife omi, yóò ní kí n dúró bẹ́ẹ̀. Ó ń tẹ eegun ìhà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Ṣé o fẹ́ yà mí ni, àbí o fẹ́ pa mí jẹ?"

"Ẹran wo ló wà lára yín tí mo fẹ́ jẹ?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èjìká mi méjèèjì àti kòtò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọrùn. Ó ní ìwé sọ pé bí ènìyàn bá dúró déédéé, imú rẹ̀, kòtò yẹn àti àárín gìgísẹ̀ méjèèjì á wà lórí ìlà kan. Ló bá mú okùn ìwọ̀n mi, ó so ó mọ́ òkè ilẹ̀kùn, ó ní kí n dúró sẹ́yìn okùn náà, ó sì gbé dígí síwájú mi. Imú mi wà níbi tiẹ̀ lọ́tọ̀, okùn wà níbi tiẹ̀.

"Okùn yẹn ló wọ́," mo ní.

"Okùn tiyín?"

Ọbẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mi ò fi okùn yẹn wọn ara mi rí.

Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó wọ́ àkàbà mi wọlé, ó gbé e lé mi ní èjìká òsì. Àkàbà náà bọ́ síbẹ̀ bí ẹni tó padà sílé. Èjìká gbà á, orí yẹ̀ fún un. Nígbà tó gbé e kúrò, nǹkan kan ò yí padà lára mi.

"Ẹ ò wọ́," ó ní. "Àkàbà ni ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lára yín."

Inú bí mi. Mo ní kó yà mí bí ti inú ìwé, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi bẹ́ẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó ya méjì, ọ̀kan bí mo ṣe wà, ọ̀kan tààrà. Mo wo tààrà náà títí. Ó jọ àbúrò mi ọkùnrin, èyí tí kò ṣiṣẹ́ rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa wo àwòrán ẹ̀kẹta, tààrà náà ló gbé lọ. Ó fi èyí tó yà bí mo ṣe wà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo sì mọ̀ pé nítorí mi ni. Mo ká àwòrán náà, mo mú okùn mi, mo tẹ̀lé e.

Nígbà tí mo wọlé, olùkọ́ wọn, ọmọbìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, ń wo tààrà náà. "Eegun ẹ̀ pé, mà," ó ní, "àmọ́ kò sí ẹnì kankan nínú ẹ̀." Ìyàwó mi tẹríba. Mo tẹ́ èkejì síwájú olùkọ́. Pẹ́ńsùlù pupa ti gbéra kí n tó bọ́ ẹ̀wù tán.

"Gbé ìyẹn sílẹ̀ ná, ọmọ mi," mo ní, "bá mi di okùn yìí mú."

Ó dì í mú níwájú mi. Mo dúró, mi ò fa ikùn wọlé. Ó wo okùn, ó wò mí, ó wo àwòrán.

"Bàbá, kí lẹ gbé?"

"Àkàbà," mo ní. "Mo ti gbé e sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá."

Kò fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù pupa mọ́. Ó ní kí ìyàwó mi lọ forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì kejì. Omi lé ròrò lójú ìyàwó mi, ó ní kí n wọ ẹ̀wù kí òtútù má mú mi.

Bí mo ṣe na ọwọ́ sí ẹ̀wù, ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì wọ̀ ọ́." Gbogbo wọn ti mú pẹ́ńsùlù dání. Mo wo ìyàwó mi, òun náà ti mú tiẹ̀. Mo bá dúró fún wọn, bí mo ṣe wà.