Ìdí Kẹrin Tí Káfíńtà Kà

Kí Bàbá Ògbufọ̀ tó wọ bàálù ló ti pinnu pé ìgbéyàwó náà kò ní wáyé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílẹ̀ òkèèrè, gbà pé bàbá òun ń bọ̀ wá rí àwọn àna ni, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ra ibùsùn tuntun sílẹ̀ dè é. Ohun tó wà níkùn bàbá yàtọ̀ pátápátá. Ó fẹ́ dé ọ̀dọ̀ bàbá ọmọbìnrin náà, kó fi Gẹ̀ẹ́sì tó dán gbinrin sọ ọ̀rọ̀ tí yóò bí i nínú, kí bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò fún wọn lọ́mọ mọ́, kí òun wá lè jókòó ti ọmọ òun, kí àwọn jọ máa mi orí pé áà, àwọn àna ni kò gbà. Ó mọ̀ pé ìwà àrékérekè ni. Ó sì ń gbádùn rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ayé rẹ̀ ló fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù. Ohun tí ẹlẹ́jọ́ bá sọ ní èdè wa, á sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́. Èyí tí adájọ́ bá fi Gẹ̀ẹ́sì wí, á dá a padà fún ẹlẹ́jọ́. Iṣẹ́ náà ti jẹ orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ́ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan nínú èdè ibi tó ń lọ, ńṣe ló wò ó láti òkè délẹ̀.

"Gẹ̀ẹ́sì mi yìí ti rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n, ó sì ti yọ èèyàn lẹ́wọ̀n. Ṣé awakọ̀ takisí lásánlàsàn ni kò ní gbọ́ ọ?"

"Mo ti gbọ́, Bàbá wọn," ni ìyàwó dáhùn. "Tẹ́ ẹ bá ti sọnù, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì pè mí."

Awakọ̀ takisí kò gbọ́ ọ. Ọmọ ní kó dúró de òun ní pápákọ̀ òfuurufú, àmọ́ bàbá kò ní sùúrù. Ó wọ takisí, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kóòtù ṣàlàyé pé ilé àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ọsibítù ńlá ni òun ń lọ, ó sì fi ìwà ọmọlúwàbí ṣe ọ̀rọ̀ náà lọ́ṣọ̀ọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Awakọ̀ ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì já a sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn àwọn ajá. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti wá bá a, tó jókòó gbọnin láàárín obìnrin kan tó gbé ológbò lé itan àti ajá kan tí wọ́n fi báńdéèjì dì létí.

"Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì ò tó níbí o," ni ọmọ wí bí wọ́n ṣe ń gbé àpótí. "Èmi ni màá ṣe ògbufọ̀ fún yín lọ́dọ̀ àwọn àna."

"Awakọ̀ yẹn ni kò kàwé," ni bàbá fèsì. Ṣùgbọ́n pé ẹnìkan fẹ́ ṣe ògbufọ̀ fún òun, òun Ògbufọ̀, dùn ún ju ọ̀rọ̀ ajá lọ.

Bí ọjọ́ àbẹ̀wò ṣe pé, ọ̀nà là fún un. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iwájú ilé àna ni fóònù ọmọ dún: ẹni tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sibítù ti dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá fún wákàtí díẹ̀. Ọmọ fẹ́ kọ̀. Bàbá kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Máa lọ jàre. Ṣebí ìyàwó ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Èmi náà gbọ́ ọ. Kí ló kù?"

Ọmọ dọ̀bálẹ̀ lórí òpópónà níbẹ̀ kó tó sáré lọ, nítorí kò mọ̀ pé bàbá òun ní irú ọkàn rere bẹ́ẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe bàbá díẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kọjá.

Káfíńtà ni bàbá ọmọbìnrin náà. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà, òkè ni wọ́n ń gbé, nítorí náà òórùn igi tútù ló kọ́kọ́ kí bàbá káàbọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin náà sígbọnlẹ̀, ẹ̀ẹ́rún igi há sí i nínú ìpéǹpéjú, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi tó pákó ìkólẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kéré, ó mọ́ tónítóní, ó so épírọ́ọ̀nù. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọmọbìnrin wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì tí àlejò ti ń wọlé-jáde, gbọ́ ọ dáadáa. Ó gbé kọfí kalẹ̀, ó jókòó sáàárín àwọn bàbá méjèèjì, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀.

Bàbá dìde, ó tún ẹ̀wù ṣe, ó ní kí ọmọbìnrin náà sọ gbogbo ohun tí òun bá sọ láì fi ẹyọ kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na àtàǹpàkò, ó ń ka ìdí tí ìgbéyàwó náà kò fi yẹ. Àkọ́kọ́, àbíkẹ́yìn òun ni, tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀, ilé ló ń bọ̀, kò sì wá ilẹ̀ òkèèrè wá gbé títí ayé. Ó na ìka kejì: ojú tí wọ́n fi mọ ara wọn kò tíì ju ojú ẹni tó pàdé nínú bọ́ọ̀sì lọ. Nígbà tó na ìkẹta, ohùn rẹ̀ yí padà láìròtẹ́lẹ̀.

"Ìdí kẹta nìyí. Èdè ìyá wọn ni ọmọ tí wọ́n bá bí á máa sọ. Mo ti ṣe ògbufọ̀ fún gbogbo ayé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá ṣe ògbufọ̀ láàárín èmi àti ọmọ ọmọ mi."

Ìyẹn gan-an ló gbé e wá láti ilé. Gbogbo ohun tó kù, ẹ̀fẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin náà yíjú sí bàbá rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò gùn ju èémí kan lọ. Ojú káfíńtà tàn yòò. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ọwọ́ àlejò, ó ń mì í. Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Bàbá jókòó wọ̀ọ̀. Ojú tó fi wo ọmọbìnrin náà kì í ṣe ojú ìbínú, ojú ọ̀gá iṣẹ́ ni. Ó mọ iṣẹ́ náà. Nígbà kan rí tí ẹlẹ́jọ́ kan ṣẹ́ èpè lé adájọ́ láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, òun ló yí i sí Gẹ̀ẹ́sì pé, "Obìnrin yìí ní òun kí kóòtù, àmọ́ ìdájọ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀."

Ó wá kan káfíńtà. Òun náà dìde, ó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gùn. Ó na ìka kan, ó tọ́ka sí fèrèsé. Ó na èkejì, ó di ojú bí ẹni tó ń sùn. Ó na ẹ̀kẹta, ó ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń fi òòlù lu afẹ́fẹ́. Èyí kẹrin kò gba àkókò. Àmọ́ bó ṣe sọ ọ́ tán ni ìyàwó rẹ̀ fi épírọ́ọ̀nù bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Bàbá mi ní inú àwọn dùn, ẹ káàbọ̀," ni ọmọbìnrin náà wí ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Ìka mẹ́rin ni bàbá ẹ nà. Ẹni tínú ẹ̀ ń dùn kì í kà á lórí ìka."

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin náà na mẹ́ta, sà."

"Ṣé o mọ̀ pé ní kóòtù wa, wọ́n lè tì ọ́ mọ́lé fún irú ẹ̀?"

"Ní kóòtù yín, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹni tọ́rọ̀ kàn ṣe ògbufọ̀?"

"Rárá o."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí ọmọ yín máa lọ síbi iṣẹ́. Ta ló wá kù, sà?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu bàbá, ó gbé e mì pẹ̀lú kọfí. Ó ní kó sọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ, kó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó sì sọ ọ́. Bàbá òun dúpẹ́ fún oríyìn tí òun fi dípò ìdí mẹ́ta yẹn, àmọ́ kò fẹ́ ìgbéyàwó náà. Àkọ́kọ́, ó ní àwọn kò mọ ilé ọkùnrin náà, àwọn kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Èkejì, tó bá jẹ́ pé alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ tó sì ń fi ọ̀sán sùn, ìgbà wo ni yóò rójú ìyàwó rí?

Ìròyìn ayọ̀ ló yẹ kí èyí jẹ́. Káfíńtà ti kọ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bú u. Kí bàbá dúpẹ́, kó gbé fìlà, kó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà á. Ta ni wọ́n ń kọ̀?

"Ẹ̀kẹta," ni ọmọbìnrin náà ń bá a lọ, "ó ní ẹ̀ẹ̀kan lòun gbé òòlù lé e lọ́wọ́, ó dì í mú bíi ṣíbí."

Bàbá dìde fùú. "Sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ni ọmọ mi ń dì mú. Tí àìsàn bá dá òun náà wó lọ́la, ṣé òòlù ni wọ́n máa fi wò ó?"

Ọmọbìnrin náà túmọ̀ rẹ̀, kò sì yọ nǹkan kan kúrò, nítorí bàbá ń fi etí wọn gígùn ọ̀rọ̀ náà. Káfíńtà náà dìde. Ó ní kí àlejò má pariwo mọ́ òun nílé òun, ó sì bèèrè ohun tí ìka mẹ́ta tí àlejò nà túmọ̀ sí ní tòótọ́, torí ojú ẹni tó ń yin àwọn kọ́ ló wà lójú àlejò lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó gbọ́ pé wọn kò fẹ́ ọmọ òun, ojú rẹ̀ pọ́n. Kí ló ṣe ọmọ òun? Báyìí ni àwọn àgbàlagbà méjì tí wọ́n jọ fẹ́ tú ìgbéyàwó kan ṣoṣo ká ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jà pé kí ló dé tí ìgbéyàwó kò fi ní wáyé.

Ó rẹ bàbá. Ó jókòó. "Ẹ̀kẹrin ńkọ́? Kí ni bàbá ẹ ní?"

Ọmọbìnrin náà wo ìyá rẹ̀ kó tó dáhùn. "Ó ní ẹ ó mú mi lọ sílé yín lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọ á wá máa sọ èdè yín. Tí wọ́n bá wá kí òun, òun ò ní mọ nǹkan tóun máa sọ fún wọn."

Bàbá kò lè wo káfíńtà lójú. Gbogbo ọ̀nà jíjìn yìí ló wá, ẹni tó ní ẹ̀rù kan náà lọ́kàn ló jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ́rún igi lójú. Omi lé ròrò sí i lójú, kò sì bò ó.

"Sọ fún un pé mo gbà," ló wí.

Ohun tí ọmọbìnrin náà sọ fún bàbá rẹ̀ gùn tó ìwàásù. Káfíńtà gbọ́ ọ dópin, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó sì dì mọ́ àlejò. Kò sẹ́ni tó sọ fún Bàbá Ògbufọ̀ irú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ti dà lédè náà.

Inú bàálù ló wà, ó ń padà bọ̀ nílé, kó tó rántí épírọ́ọ̀nù. Ìyá náà kò sunkún. Ẹ̀rín ni obìnrin yẹn ń rín. Ta ló ń rẹ́rìn-ín sí irú ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìdí kẹrin tí káfíńtà sọ sì kúrú, èyí tí ọmọbìnrin náà túmọ̀ gùn. Bàbá Ògbufọ̀ fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó jókòó tì í fi bèèrè bóyá ara rẹ̀ yá.

Ó lè bi ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ọmọ kò sí níbẹ̀. Ó lè bi ìyàwó ọmọ rẹ̀, kí ìyẹn tún túmọ̀ nǹkan mìíràn. Kò sí ọ̀nà míì ju kó bi káfíńtà fúnra rẹ̀. Ni àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè àwọn àna. Ó ń kọ́ ọ lórí fóònù, ó ń pè é sókè nínú balùwẹ̀, ó ń fi kí adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ṣé Gẹ̀ẹ́sì náà ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó dá a lóhùn ní èdè tí ìyẹn kò gbọ́.

Nígbà tí tọkọtaya tuntun náà bímọ, ó padà lọ. Káfíńtà jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìwé oníyanrìn fá bẹ́ẹ̀dì ọmọ tuntun kó lè dán. Bàbá fa àpótí, ó jókòó tì í, ó sì bèèrè lédè rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin: ọjọ́ yẹn, ìdí kẹrin, kí ni ẹ sọ?

Káfíńtà kọ́kọ́ ya ẹnu, nítorí kò mọ̀ pé àlejò gbọ́ èdè òun. Lẹ́yìn náà ló rántí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Mo ní ọmọ yín ń hanrun. Ó sùn sórí àga wa lókè lọ́jọ́ kan, èmi tí mò ń fi ayùn gé igi nísàlẹ̀ ò gbọ́ ìró ayùn mi mọ́."

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan tó sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti ń múra láti bínú sí ọmọbìnrin náà, àmọ́ ìbínú kò wá. Ó bèèrè bóyá ìhanrun náà ti dínkù.

"Wọ́n ti di méjì báyìí, bàbá àti ọmọ," ni káfíńtà wí. "Ẹ wá gbọ́."

Wọ́n rọra gun àtẹ̀gùn, wọ́n sì fetí sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ.